Ẹ Yẹ Áńtíbọ́dì Wò Kí Ẹ Tó Gbà Á Gbọ́

Bí mo bá ṣí ìwé ìwádìí nípa ọpọlọ, àwòrán ni ojú mi kọ́kọ́ ń lọ bá. Wọn á gé ọpọlọ eku pẹlẹbẹ, wọn á da áńtíbọ́dì (purotéènì tí ara ń ṣe láti fi dá ohun àjèjì mọ̀) lé e, ibi tí áńtíbọ́dì náà bá lẹ̀ mọ́ á gba àwọ̀ tàbí kó máa tàn yanran. Òǹkọ̀wé á wá ní ibẹ̀ gan-an ni rìsẹ́pítọ̀, ìyẹn purotéènì tó ń gba iṣẹ́ tí kẹ́míkà ń jẹ́ fún sẹ́ẹ̀lì, tí òun ń wá wà. Ọ̀pọ̀ àwòrán bẹ́ẹ̀ rẹwà, síbẹ̀ wọn kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun.

Ẹ wo α7, ọ̀kan nínú àwọn rìsẹ́pítọ̀ tí nikotíìnì inú tábà ń bá ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń wá oògùn àrùn Alzheimer ti náwó nára lé e lórí. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Moser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú eku tí wọ́n ti ba jíìnì α7 rẹ̀ jẹ́ kí wọ́n tó bí i, eku tí kò lè ní rìsẹ́pítọ̀ náà rárá, wọ́n sì dán àwọn áńtíbọ́dì ọjà wò lára ọpọlọ rẹ̀. Ní 2007 wọ́n tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde: àwọ̀ tó yọ lára eku tó ní α7 ló yọ lára èyí tí kò ní. Irú ẹlẹ́rìí wo nìyí, tó ń búra pé òun rí Lágbájá lọ́jà lọ́jọ́ tí Lágbájá ò sí nílùú?

Rìsẹ́pítọ̀ ṣòro mú lóòótọ́. Wọn kì í pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, apá tó pọ̀ lára wọn rì sínú awọ sẹ́ẹ̀lì, àwọn mìíràn sì wà tó jọ wọ́n gan-an. Ègé kékeré lára purotéènì náà ni wọ́n sábà ń gún sí ehoro lára kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè pèsè áńtíbọ́dì. Bí oníbàárà bá béèrè ẹ̀rí, olùtajà á ní òun po áńtíbọ́dì náà mọ́ ègé yẹn, àwọ̀ sì pòórá. Èmi ò gba èyí ní ẹ̀rí. Ohun tó fi hàn kò ju pé áńtíbọ́dì náà mọ ègé tí wọ́n fi ṣe é. Kò sọ ohun mìíràn tó tún ń lẹ̀ mọ́ nínú ọpọlọ. Clifford Saper, tó jẹ́ olóòtú Journal of Comparative Neurology nígbà náà, ti kọ̀wé sáwọn òǹkàwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ áńtíbọ́dì yìí láti 2005.

Ní 2023, ẹgbẹ́ YCharOS ní Kánádà tẹ àbọ̀ ìdánwò áńtíbọ́dì 614 jáde, lórí purotéènì 65 tó jẹ mọ́ ọpọlọ àti iṣan ara. Ó lé ní ìdajì tó kùnà nínú ó kéré tán ìdánwò kan. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó kùnà ni àwọn ènìyàn ti fi kọ ìwé ìwádìí. Ohun tó fún mi nírètí ni pé àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n tún èyí tó ju ìdajì lọ lára àwọn aláìṣedéédéé náà yẹ̀ wò, wọ́n sì kó àwọn kan kúrò lọ́jà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn onímọ̀ wa ní Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀ ju àwọn tó lówó lọ. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra ìgò kékeré kan, wọ́n sì ń fi jẹnẹrétọ̀ gbé fíríìsà ró kí áńtíbọ́dì náà má bàa bàjẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣèwádìí, ẹ béèrè lọ́wọ́ olùtajà ohun tó ṣẹlẹ̀ lára ẹranko tí kò ní rìsẹ́pítọ̀ náà. Bí kò bá lè fi hàn yín, ẹ má fún un lówó.