Ọ̀nà Ìdó àti Omi Ìkún

Bí ènìyàn bá gba Ìwòròkó jáde ní Adó-Èkìtì, tí ó dé Ìfàkì, tí kò yà sí apá ọ̀tún tí í ṣe ọ̀nà Ọyẹ́ àti Ìkọ̀lé, ṣùgbọ́n tí ó forí lé Ìdó, ojú rẹ̀ lè rí ohun tí tèmi rí láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ sí Ìkún: ọkọ̀ akẹ́rù kan ti dojú dé sínú kòtò, awakọ̀ rẹ̀ jókòó sórí koríko, ó fi aṣọ di orí tí ẹ̀jẹ̀ ń ti ibẹ̀ ṣàn, mọ́tò sì ń kọjá lọ lọ́tùn-ún lósì bí ẹni pé òkúta ni ó wà níbẹ̀. Awakọ̀ tiwa náà ìbá ti kọjá, bí kò bá ṣe ìyá arúgbó kan tí ó figbe ta títí ó fi dúró, tí a sì gbé ọkùnrin náà dé ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ìdó. Mo ti wí i rí, n óò sì tún wí i: ìwà tí à ń hù lójú ọ̀nà wa burú ju ihò tí ó wà lójú ọ̀nà náà lọ.

Láti Ìdó dé Ọ̀tùn, ìlú tí Ọọ̀rẹ̀ ti ń jọba, kò sí ohun tí ó tó ròyìn. Nígbà tí oòrùn kàn tàrí, mo ti dé etí omi ńlá tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ondó àtijọ́ sé ní Ìkún, kí a tó gé Èkìtì jáde lára rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1996. Dáàmù Èrò ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí. Inú rẹ̀ ni omi ẹ̀rọ ti ń lọ sí ọ̀pọ̀ ìlú ní àríwá Èkìtì, inú rẹ̀ náà sì ni àwọn apẹja tí mo wá kí ti ń jẹun.

Òtítọ́ ni pé omi kò lọ́tàá. Ìjì ni kò mojú ẹnìkan. Mo jókòó lábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá àgbà kan tí ó ń di ojú àwọ̀n tí ó já, nígbà tí ojú ọ̀run ṣú lójijì, tí ẹ̀fúùfù sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé omi sókè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wà láàárín gbùngbùn omi dìde láti kó àwọ̀n rẹ̀, ìgbì gbá ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ sì dojú dé. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo rí ni pé gbogbo ọkọ̀ tí ó wà lórí omi yí imú padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó ń fa àwọ̀n ju okùn sílẹ̀, ẹni tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gúnlẹ̀ tún padà sínú ìjì tí ó ń sá fún, bàbá tí ó jókòó tì mí sì ju abẹ́rẹ́ àwọ̀n nù, ó ti ọkọ̀ rẹ̀ bọ́ sínú omi, ó ń fi àjẹ̀ wà á kíkan-kíkan, títí òjò fi bo gbogbo wọn mọ́ mi lójú.

Bí wọ́n ti ròyìn rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà, ọmọ náà kò fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí apẹja ń kọ́ ni pé igi ni ọkọ̀, bí ó tilẹ̀ kún fún omi kò ní rì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbójú lé apá rẹ̀ pé òun óò lúwẹ̀ẹ́ dé èbúté, àárẹ̀ ni yóò pa á lọ́nà. Àwọ̀n ni ó fẹ́ pa á, ó ti lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fi ọ̀bẹ gé àwọ̀n náà, àwọ̀n tuntun tí gbogbo wọn mọ iye owó rẹ̀. Ọkọ̀ méjì há tirẹ̀ sáàárín, wọ́n gbá a mú lórí àti nídìí, wọ́n yí i padà, wọ́n sì fi kèrègbè àti ike gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù.

Àwọn kan wà lókè òkun tí ń fi ẹ̀fúùfù ṣeré, tí wọ́n ń dúró lórí pátákó pẹrẹsẹ, tí wọ́n di ìgbòkun mú lọ́wọ́, eré tí ó wọ ìdíje Òlíńpíìkì ní ọdún 1984. Ẹ̀kọ́ kan náà ni tiwọn: má fi pátákó rẹ sílẹ̀, máa gbé apá rẹ méjèèjì sókè sódò kí ẹnìkejì lè rí ọ, ẹni tí ó bá sì rí ọ, kí ó wá. Nínú ìwé òfin àwọn tí ń fi ìgbòkun díje káàkiri ayé, òfin kìíní, tí ó ṣáájú ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò borí, ni pé kí olúkúlùkù ṣe gbogbo ìrànlọ́wọ́ tí ó bá lè ṣe fún ẹni tí ó wà nínú ewu. Lawrence Lemieux, ọmọ Kánádà, pa á mọ́ létí òkun Pusan ní ilẹ̀ Kòríà ní ọdún 1988: ipò kejì ni ó wà nínú eré ọkọ̀ Òlíńpíìkì nígbà tí ó rí ọmọ Síńgápọ̀ méjì tí ọkọ̀ wọn ti dojú dé, ó sì yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ lọ fà wọ́n jáde. Ó wù mí kí àwọn apẹja Ìkún gbọ́ orúkọ ọkùnrin yìí, kí òun náà sì gbọ́ tiwọn.

Nígbà tí bàbá gúnlẹ̀, tí aṣọ lẹ̀ mọ́ ọn lára, mo ní, “Ẹ kú ewu o, Bàbá. Ṣé ọmọ yín ni?”

“Rárá o, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tí èmi àti rẹ̀ ti ń jà lórí ibi tí olúkúlùkù ń dẹ àwọ̀n sí, a kì í kí ara wa.”

Mo wò ó. Ó ní, “Ìjà ilẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìjà omi.”

Nínú gbogbo wọn, n kò rí ẹnìkan tí ó wọ ẹ̀wù aléfòó. Bàbá ní ẹni tí ó bá rí owó rẹ̀, àwọ̀n ni yóò kọ́kọ́ fi rà, n kò sì lè bá a jiyàn. Nítorí náà ìjọba ìpínlẹ̀ Èkìtì àti ìjọba ìbílẹ̀ Mọ̀bà ni mo ń ké sí: ẹ ra ẹ̀wù aléfòó fún gbogbo apẹja omi Èrò, kí òjò ọdún tí ń bọ̀ tó dé.