Ọpọlọ Méjì, Ìdúró Kan

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Láti kékeré ni mo ti mọ òwe yìí. Síbẹ̀, ní ọdún 2007, nígbà tí mò ń bójú tó yàrá kọ̀ǹpútà ní yunifásítì kan, mo dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kọ̀ǹpútà ọlọ́pọlọ méjì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá wọn. Linux ni ó ń lò. Kò pé oṣù kan tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dákú. Atọ́ka a máa rìn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí a bá tẹ̀ kì í ṣí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó tò ó pọ̀ fún wa. Mo ní òun ni kò ki ọpọlọ kejì bọlẹ̀ dáadáa. Ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ti sọ ọ́, mo sì gba kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n wo ibi tí àwọn fáìlì wà ná."

N kò dá a lóhùn.

Mo yọ ọpọlọ kan. Ó tún dákú. Mo pààrọ̀ mẹ́mọ́rì, pàbó ni. Ní ọjọ́ kẹta, mo wọlé gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, ẹni tí fáìlì tirẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ náà gan-an. Iṣẹ́ tí ó tò sórí ìlà ti lé ní 20, bẹ́ẹ̀ ọpọlọ ń sinmi ni. Mo fi àṣẹ kill -9 lé wọn. Wọn kò kú. Nígbà náà ni mo wá ka àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ń tún wí: sáfà kò dáhùn, mo ṣì ń gbìyànjú.

Ilé kejì ni sáfà tí ó ń tọ́jú fáìlì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà. NFS, ètò tí ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems dá sílẹ̀ ní ọdún 1984, ni ó ń gbé wọn wá bá wa. Bí a bá so ó lọ́nà tí wọ́n ń pè ní hard, tí sáfà sì kú, ẹni tí ó bèèrè fáìlì yóò dúró títí yóò fi jí, kí iṣẹ́ má baà bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ìbáà ṣe ogún ọpọlọ, wọn kò lè ṣe iṣẹ́ tí ohun èlò rẹ̀ kò tíì dé.

Bátìrì UPS sáfà náà ni ó ti kú. Bí iná bá ti ṣẹ́jú, sáfà ti lọ nìyẹn, títí ẹnìkan níbẹ̀ yóò fi rántí tàn án. Yàrá tiwa ní ìńfátà, nítorí náà a kì í mọ̀.

Mo lọ tàn án. Kí n tó padà dé, gbogbo ohun tí a ti tẹ̀ láti àárọ̀ ti ṣí. Ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ fi pamọ́ ti wọlé, ọ̀rọ̀ kan kò sọnù. Ojú tì mí. Ìgbà mélòó ni mo ti fipá pa kọ̀ǹpútà yìí, tí iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ sì bá a lọ! Ẹ̀rọ ní sùúrù; èmi ni n kò ní.

Ní ọdún 2008, ẹ̀dà 2.6.25 Linux fún wa láyè láti pa irú iṣẹ́ tí ó ń dúró bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìyẹn ni mo ti dá kọ́kọ́rọ́ padà, lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan náà.

"Má bínú," ni mo wí. "Èmi ni mo jẹ̀bi."

"Ó ti tán, Ọ̀gá. Ṣé a ti ra bátìrì náà?"

Láti ọjọ́ náà, bí ẹ̀rọ bá dákú, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé: ta ni ó ń dúró dè?