Ọkadà orí omi Tarkwa Bay: Bó ṣe dùn tó, bẹ́ẹ̀ ló léwu tó

Ìgboro Èkó kì í ṣe ibi téèyàn ti ń sinmi. Ẹni tó bá ń jí laago mẹ́rin ìdájí láti Ìkòròdú tàbí Àgbádó, tó ń sáré lọ sẹ́nu iṣẹ́ l'Ẹ́kọ̀ọ́ Erékùṣù, mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé kíjọba ṣáà ti kéde họlidé báyìí, etí òkun lọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà lọ. Láyé ọjọ́un, ẹni tó bá dé etí òkun yóò jókòó sábẹ́ agboòrùn, yóò jẹ súyà, yóò mu ohun tó wù ú, bó bá rówó sí i, yóò gun ẹṣin tí wọ́n ń fà kiri, ó parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà. Ohun tó gbòde báyìí ni jet ski, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń sáré lórí omi, tí wọ́n ń gùn bí ẹni gun ọkadà.

Ká sọ tòótọ́, orúkọ táwọn èèyàn ń pè é yìí, orúkọ ọjà iléeṣẹ́ kan ni. Iléeṣẹ́ Kawasaki ti ilẹ̀ Japan ló ń jẹ́ Jet Ski, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni wọ́n sì ti ń tà á. Ará Amẹ́ríkà kan, Clayton Jacobson, ló ronú ẹ̀rọ náà jáde. Bombardier ti ilẹ̀ Kánádà ti gbé Sea-Doo tiwọn jáde lọ́dún 1968, Yamaha náà sì ní èyí tí wọ́n ń pè ní WaveRunner. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó ilé l'Ẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ ẹlẹ́bú ní Omo, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ẹ̀rọ yìí ṣe di jet ski lẹ́nu àwọn èèyàn.

Lára ibi tí wọ́n ti máa ń fi í ṣeré jù ni Tarkwa Bay. Ibi yìí kò ṣeé fi mọ́tò dé, ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń gbé èèyàn débẹ̀. Àwọn kan ń wọkọ̀ ní CMS ní Marina, àwọn mìíràn ń wọ̀ ọ́ lábẹ́ afárá Fálómo. Bí ọkọ̀ bá ti gbéra ní CMS, àwọn ilé gogoro Marina ni yóò máa dágbére féèyàn lápá òsì, Àpápá àti àwọn ọkọ̀ ńláńlá tó ń já kọ̀ǹténà yóò wà lápá ọ̀tún. Lẹ́yìn ìyẹn ni Victoria Island yóò yọ, atẹ́gùn òkun yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ yẹ̀rìyẹ̀rì. Kó tó di pé ojú mọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti dé iyanrìn Tarkwa Bay. Ẹni tó ti lo wákàtí mẹ́ta nínú gó-síló Third Mainland lọ́jọ́ Mọ́ńdè yóò máa bi ara rẹ̀ pé ṣé Èkó kan náà lòun wà yìí.

Ta ló mú omi ibẹ̀ parọ́rọ́?

Ohun tó jẹ́ káwọn onífàájì fẹ́ràn ibẹ̀ ni pé omi rẹ̀ kì í hó bíi ti òkun tó kù. Ọ̀pọ̀ tó ń lọ síbẹ̀ kò mọ ìdí rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, iyanrìn tó pọ̀ lẹ́nu òkun Èkó kì í jẹ́ káwọn ọkọ̀ ńlá wọlé. Ìta lójú agbami ni wọ́n máa ń dúró sí, wọn á já èrò àti ẹrù sínú ọkọ̀ kékeré kó tó gbé wọn dé èbúté. Láti ọdún 1908 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta ńláńlá wọnú òkun, ọ̀kan lápá ìlà oòrùn, ọ̀kan lápá ìwọ̀ oòrùn, kí ọ̀nà ọkọ̀ lè jìn. Àwọn òkúta yìí ló ń gba ìgbì òkun lára Tarkwa Bay, tíbẹ̀ fi dà bí odò inú àwo.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe ọ̀kan lóore ló pa èkejì lára. Láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn ni òkun ti máa ń wọ́ iyanrìn lọ ní gbogbo agbègbè yìí. Òkúta tí wọ́n tò dá iyanrìn náà dúró, etíkun Lighthouse tó wà lẹ́yìn Tarkwa Bay ń fẹ̀ sí i, nígbà tí Bar Beach tó wà lódìkejì ń tán lọ. Àwọn àgbà kò lè gbàgbé Bar Beach. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti yìnbọn pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì, ògbólógbòó adigunjalè, lọ́dún 1971, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì lọ wò ó. Òkun jẹ Bar Beach títí omi fi ń ya dé títì Ahmadu Bello. Lónìí, Eko Atlantic ló wà níbẹ̀, ìlú tí wọ́n fi iyanrìn dí òkun kọ́, pẹ̀lú ògiri òkúta tí wọ́n ní yóò gùn tó 8.5 kìlómítà. Ẹni tó bá wà lórí jet ski ní Tarkwa Bay yóò máa wo àwọn ilé gíga ibẹ̀ ní ọ̀ọ́kán, yóò sì mọ̀ pé ibi tí bàbá òun ti ń jẹ súyà lọ́jọ́ Ọdún Àjíǹde lòun ń wò yẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá gbé ìyàwó wa jáde!"

Kéèyàn tó gbọn iyanrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ tán làwọn ọmọkùnrin tó ń fi jet ski háyà yóò ti dé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá gbé ìyàwó wa jáde lórí omi!" "Àǹtí, ẹ má bẹ̀rù, ẹ̀yìn yín ni màá wà!" Ẹnu wọn dùn bí oyin. Ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń ta á, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ààbọ̀ wákàtí. Owó tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè kì í ṣe òun ni wọ́n máa gbà bí oníbàárà bá mọ ọjà ná, ó sì máa ń ga lọ́jọ́ ọdún.

Àṣìṣe tọ́pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé owó nìkan ni wọ́n ń ná. "Àbúrò, èló ni?" Bí wọ́n bá ti gbọ́ iye, ó tán. Wọn kì í béèrè ìgbà tí aago yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kà, bóyá lórí iyanrìn ni àbí ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá dún. Wọn kì í béèrè ẹni tí yóò sanwó bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ibẹ̀ gan-an nìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tó bá gbọ́n yí ẹ̀rọ náà po kó tó gùn ún, bó bá rí ibi tó ti sán tàbí tó ti bó, kó fi í han ẹni tó ni ín, kó sì fi fóònù ya á. Ìfura loògùn àgbà.

Ibi tí wàhálà wà

Bí ẹ̀rọ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Kò ní abẹ́ tó ń yí níta bíi ti ọkọ̀ ojú omi tó kù. Abẹ́ rẹ̀ ló ti ń fa omi mu, ohun tó ń yí nínú rẹ̀ yóò fi agbára ti omi náà jáde lẹ́yìn, ìyẹn ni yóò sì tari rẹ̀ síwájú. Omi tó ń tú jáde lẹ́yìn yìí kan náà ni wọ́n fi ń darí rẹ̀. Béèyàn bá yí ọwọ́ ẹ̀rọ sọ́tùn-ún, omi yóò gba ibòmíràn jáde, ẹ̀rọ yóò yà.

Ohun tó wá yẹ kí gbogbo onífàájì há sórí nìyí. Bí omi kò bá tú jáde lẹ́yìn, ẹ̀rọ náà kò ní í yà. Ẹni tó ti gun ọkadà rí, bó bá rí i pé òun fẹ́ kọlu nǹkan, ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe ni pé yóò jáwọ́ lórí iná. Lórí jet ski, ohun tó ń fa jàǹbá gan-an nìyẹn. Bó bá ti jáwọ́ lórí iná, kò sí omi tó ń tú jáde mọ́, kò sì sí bó ṣe lè yí ọwọ́ ẹ̀rọ tó, iwájú gbọọrọ ni yóò máa sáré lọ títí eré yóò fi tán lára rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yà gbọ́dọ̀ fún un níná díẹ̀, kó sì yí ọwọ́ pa pọ̀. Àwọn tuntun kan ní bíréèkì báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àtijọ́ kò ní in. Bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn lè sáré ju 100 kìlómítà lọ ní wákàtí kan, omi téèyàn bá sì fi irú eré bẹ́ẹ̀ já lé lórí kì í rọ̀ bí omi mọ́.

Èkejì ni okùn kékeré kan tó máa ń so mọ́ ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ́ńjìnnì jí. Ọwọ́ ẹni tó ń wà á tàbí láìfù jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n fi orí rẹ̀ kejì kọ́. Bó bá já sómi, okùn yóò yọ, ẹ́ńjìnnì yóò sì kú lójú ẹsẹ̀. Bí wọn kò bá so ó, ẹ̀rọ lè máa sáré lọ láìsí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Bí ẹni tó ń fi í háyà bá sọ pé okùn náà ti já, ẹ kí i pé ó kú iṣẹ́, kẹ́ ẹ gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ.

Ẹ̀kẹta kan ẹni tó jókòó sẹ́yìn, àwọn obìnrin ló sì sábà máa ń jókòó síbẹ̀. Bí ẹni tó wà níwájú bá fúnná lójijì, ẹni ẹ̀yìn lè ṣubú sẹ́yìn gan-an níbi tí omi ti ń tú jáde. Agbára omi náà lè gba ojú ara tàbí ihò ìdí wọlé, kó sì ba nǹkan jẹ́ nínú. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àhesọ, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ yìí fúnra wọn ló ń lẹ ìkìlọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn lára. Aṣọ ìwẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń ya fọ́tò kò tó, ṣòkòtò tó nípọn ló dáa. Kí ẹni tó wà lẹ́yìn di ẹni iwájú mú dáadáa, kó má ṣe tú ọwọ́ sílẹ̀ nítorí fọ́tò.

Ẹ má sì gbàgbé ọ̀rọ̀ nájílọ́ọ̀nù. Nítorí pé omi ni ẹ̀rọ yìí ń fà mu, bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tàbí ewéko tó ń léfòó bá bá omi wọlé, yóò dí i, ẹ̀rọ yóò sì dá èèyàn sójú omi. Gbogbo ẹni tó bá ti wo ọ̀sà Èkó lẹ́yìn òjò mọ̀ pé ọ̀rá ibẹ̀ kò lóǹkà.

Ẹ má bá ọkọ̀ ńlá du ọ̀nà

Inú Tarkwa Bay lọ́hùn-ún, omi tutù. Ṣùgbọ́n béèyàn bá yọ díẹ̀ síta, ojú ọ̀nà tí gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ Àpápá àti Tin Can ń gbà ló bọ́ sí yẹn. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè rìn ju kìlómítà kan lọ kó tó dúró, ẹni tó ń wà á lókè lọ́hùn-ún lè má rí jet ski rárá. Lódìkejì òkúta, agbami ni. Àwọn tó ń pe ara wọn ní ọmọ ológo tó fẹ́ sá dé ibẹ̀ nítorí fídíò, ẹ̀mí ara wọn ni wọ́n ń fi ṣeré.

Gbogbo Nàìjíríà ló rántí ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹrin, ọdún 2024, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi dojú dé ní odò Ọya, tí òṣèré Junior Pope àtàwọn mìíràn tí wọ́n jọ lọ ṣe fíìmù fi kú. Ọ̀rọ̀ láìfù jákẹ́ẹ̀tì ni gbogbo èèyàn ń sọ lẹ́yìn ìyẹn. LASWA ìpínlẹ̀ Èkó àti NIWA tìjọba àpapọ̀ kò yéé pariwo pé kò gbọ́dọ̀ sí ìrìn alẹ́ lórí omi, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ wọkọ̀ láìwọ jákẹ́ẹ̀tì. Kó má jẹ́ pé èyí tó tóbi bí agbádá ni wọ́n máa jù sí yín lọ́rùn. Kí ó bá ara mu, kí gbogbo ìdè rẹ̀ sì wà ní dídì. Ẹni tó bá sì ti mu ọtí, kó dúró di ọjọ́ mìíràn.

Àwọn tó ni etíkun ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn onífàájì kì í fẹ́ gbọ́. Tarkwa Bay kì í ṣe ibi ìgbafẹ́ lásán, ìlú àwọn èèyàn ni. Lóṣù kìíní, ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi wọ ibẹ̀, wọ́n ní àwọn tó ń fọ́ páìpù epo wà láàárín wọn, wọ́n sì lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn jáde nílé wọn láàárín àkókò kékeré. Olóńjẹ wà níbẹ̀, apẹja wà níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó fi pákó gun ìgbì òkun títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n lórílẹ̀-èdè mìíràn wà níbẹ̀. Lọ́dún 2024, ní Victoria Island, wọ́n tún wó ọ̀pọ̀ ibi ìgbafẹ́ etíkun Landmark nítorí títì tí wọ́n ń ṣe láti Èkó lọ sí Calabar. Bí Bar Beach ṣe lọ nìyẹn, bí àwọn mìíràn náà ṣe ń lọ nìyẹn. Ibi tí mẹ̀kúnnù lè ti rí òkun l'Ẹ́kọ̀ọ́ ń dín kù lójoojúmọ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá rówó háyà jet ski ní Tarkwa Bay, kó lọ gbádùn ara rẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe kó tó rí i kò kéré. Kó lọ láàárọ̀ kí èrò tó pọ̀, kó sọ fún ẹnì kan ní etíkun pé òun ń jáde, kó ra ẹja yíyan lọ́wọ́ ìyá tó wà níbẹ̀ dípò kó gbé kúlà jíǹwìnnì wá láti ilé. Kó sì rántí pé ọkọ̀ tó gbé e wá ni yóò gbé e padà, kó tó di pé ilẹ̀ ṣú. Owó tó bá lọ, wọ́n á tún rí i. Ẹ̀mí tó bá bọ́ sómi kò ní ọjà tí wọ́n ti ń rà á padà.