Bí Ẹni Ń Bẹ Aláìsàn Wò: Tíṣà Tó Ń Káàkiri Pápá Ìṣeré

Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí a bá rí ẹni tó ń ti ìlú kan bọ́ sí ìkejì ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, a máa ń rò pé òwò ni ó ń ṣe, tàbí pé ìbátan rẹ̀ kan ni ó ń wá kiri. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ yìí kì í ṣe oníṣòwò, kò sì sọ ìbátan kankan nù. Pápá ìṣeré ni ó ń bẹ̀ wò. Ọmọ Ìbàdàn ni, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, Tíṣà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Láti ìgbà tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni ó ti ń fi owó ìfẹ̀yìntì tí kì í tètè dé wọkọ̀ lọ sí ibikíbi tí wọ́n bá ti ń gbá bọ́ọ̀lù líìgì: Èkó, Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú-Òde, Àkúrẹ́, títí dé Ìkẹ́nnẹ́. Ibi tí wọn kò ti gbá bọ́ọ̀lù mọ́ pàápàá, ó ń lọ, bí ẹni ń bẹ aláìsàn wò.

Ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé ni ó fi ń ṣe àkọsílẹ̀. Kì í kọ ohun púpọ̀: ọjọ́, ẹgbẹ́ méjèèjì, iye góòlù. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn nǹkan tí oníròyìn eré ìdárayá kì í bìkítà fún: ẹnu ọ̀nà mélòó ni wọ́n ṣí, ṣé omi wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ta ni ó ń ta kí ni níta. Ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́jà yìí ni ó ká a lára jù. Ìjọba lè sọ lórí rédíò pé pápá kan wà láàyè, wọ́n sì lè gé rìbọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan. Bí ẹlẹ́pà kò bá gbé àtẹ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà pápá náà, lójú Tíṣà, ó ti kú. Ẹlẹ́pà kò ní ìdí kan láti purọ́. Ibi tí èrò bá wà ni ó ń lọ.

Liberty ni àkọ́kọ́ nínú ìwé náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ pápá yìí kí ó tó mọ̀wé kọ dáadáa. Ayé owó kòkó ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kọ́ ọ sí Òkè-Àdó. Ọdún 1960, ọdún òmìnira, ni wọ́n ṣí i, òmìnira náà ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, ibẹ̀ ni Dick Tiger, abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò ọmọ Nàìjíríà tó gba adé àgbáyé, ti kojú Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ní ìgbà kẹta. Abala keje ni Fullmer lè bá a dé. Kò dìde fún ìkẹjọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Tíṣà nígbà náà. Bàbá rẹ̀ mú un dání, ṣùgbọ́n kò sí owó tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ìta ni àwọn méjèèjì dúró sí láàárín àwọn tí àpò wọn gbẹ bíi tiwọn. Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ìjà náà kò ju ariwo tó ń ru sókè láti inú pápá. Títí di òní, ó ní òun lè dúró lẹ́yìn ògiri kí òun fi etí nìkan mọ bí eré ṣe ń lọ, nítorí ariwo góòlù kò jọ ariwo bọ́ọ̀lù tó ba òpó padà.

Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1976, ó ti di olùkọ́, ó sì ti lè sanwó ara rẹ̀ wọlé. Liberty ni ilé IICC Shooting Stars ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Ọdún náà ni wọ́n gba ife àwọn agbafe ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn sì ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò gba ife ilẹ̀ Áfíríkà kankan. Tonnerre ti ìlú Yaoundé ni wọ́n bá pàdé ní àṣekágbá: 4-1 nílé, 0-1 ní Kamẹrúùnù. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí tí wọ́n ń pè ní Mathematical wà nínú ẹgbẹ́ náà, inú olùkọ́ ìṣirò sì dùn sí orúkọ yẹn ju bó ti yẹ lọ. Kíláàsì rẹ̀ kan kò tún bẹ̀rù ìṣirò mọ́ ní ọdún náà, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí, tí kò sì tún ṣẹlẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe ogbó ni ó pa Liberty. Pápá mìíràn wà láyé tó dàgbà jù ú lọ tí wọ́n ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé pápá náà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, Shooting Stars kó lọ sí Adamásíngbà, eré ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ sì bá wọn lọ. Ayẹyẹ ni ó kù. Ní ọdún 1999 tí ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ wá sí Nàìjíríà, Ìbàdàn wà lára àwọn ìlú tó gbà á lálejò, wọ́n sì kun Liberty fún àlejò bí wọ́n ti ń kun ilé fún ìgbéyàwó. Àlejò lọ tán, ilé tún dá. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 2010, ààrẹ ìgbà náà, Goodluck Jonathan, yí orúkọ rẹ̀ padà sí Pápá Ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Tíṣà kò lòdì sí orúkọ náà. Ta ni yóò sọ pé kò yẹ? Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ síbẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni ó kọ sínú ìwé: “Orúkọ tuntun, koríko àtijọ́.” Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ilé ọba tí koríko bò ńkọ́?

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ìbẹ̀wò yẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bi í léèrè pé, “Ẹ káàsán, sà. Ta ni ẹ ń wá?”

“Mi ò wá ẹnikẹ́ni. Pápá ni mo wá kí.”

Ọmọ náà wò ó títí, bóyá ó ń rò ó pé orí bàbá yìí kò pé mọ́. Lẹ́yìn náà ni ó wọ yàrá rẹ̀, ó gbé àga oníke kan jáde, ó gbé e sí ibi tí òjìji wà. “Ẹ jókòó, Bàbá. Ẹ ṣáà má pẹ́.” Tíṣà jókòó fún nǹkan bí wákàtí kan. Kò sí ẹlẹ́pà.

Ti Sùúrùlérè ní Èkó ni ó da ìṣirò rẹ̀ rú. Wọ́n ṣí pápá yẹn ní ọdún 1972 fún ìdíje gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tí yóò wáyé níbẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1973. Níbẹ̀ ni Nàìjíríà ti na Algeria 3-0 ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980 láti gba ife ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọdẹ́gbàmí gbá méjì, Muda Lawal gbá ẹyọ kan; ọmọ Shooting Stars ni àwọn méjèèjì, èyí tí ará Ìbàdàn kan kò ní jẹ́ kí o gbàgbé láéláé. Níbẹ̀ náà ni Sam Okwaraji ti ṣubú ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, ní ìṣẹ́jú kẹtàdínlọ́gọ́rin ìdíje pẹ̀lú Angola, tí kò sì dìde mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni. Tíṣà wà níbẹ̀. Ó ní ìdákẹ́jẹ́ kan wà tí kò ní orúkọ, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lè dá lẹ́ẹ̀kan náà, òun kò sì gbọ́ irú rẹ̀ ṣáájú tàbí lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Kò tún sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 2000 tí Kamẹrúùnù gba ife mọ́ wa lọ́wọ́ nípasẹ̀ pẹnáritì lórí pápá kan náà, ilé ni ó ti wò ó.

Ohun tó wá rú ìṣirò náà lójú ni pé, nígbà tó padà sí Sùúrùlérè ní ọdún tí pápá ti dákẹ́, ọjà kún ibẹ̀. Ẹja yíyan wà, pẹ́pẹ́súùpù wà, ọtí tútù wà, orin ń dún. Bí a bá tẹ̀ lé òfin rẹ̀, a jẹ́ pé pápá yìí ni ó láyọ̀ jù ní gbogbo Nàìjíríà! Ó jókòó, ó jẹ ẹja, ó ń wo ògiri ńlá tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀, ó sì tún òfin náà ṣe kí ó tó dìde: ọlọ́jà tí a ó kà ni èyí tó ń tà fún ẹni tó ń lọ wòran. Èyí tó ń tà fún ẹni tó wá jẹun kò sí nínú ìṣirò.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gan-an ni pápá Teslim Balógun wà, ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2007. Ó gba èrò bíi ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún. Orúkọ akọni ni ó ń jẹ́, ọ̀kan lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù gbowó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá dúró láàárín pápá méjèèjì yóò rí bí ìjọba méjì ṣe lè jẹ́ aládùúgbò fún ọ̀pọ̀ ọdún láìyá ara wọn ní ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko. Ní Oníkàn, pápá tó ti jẹ́ ti Ọba George Karùn-ún láyé òyìnbó ti di Mobolaji Johnson Arena báyìí, ó mọ́ tónítóní, ó sì kéré níwọ̀nba. Tíṣà fún un ní máàkì tó dára, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ó fẹ́ràn pápá àwọn yunifásítì náà. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí ìdíje àwọn yunifásítì Nàìjíríà ti kọ́kọ́ wáyé ní ọdún 1966, ó ti jókòó rí lórí koríko wo àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá họ́kì, igi lọ́wọ́ wọn, tí òǹwòran kò sì tó ogún. Òfin eré náà kò yé e tó. Ó dúró títí tó fi parí.

Adamásíngbà ni ilé rẹ̀ ní tòótọ́, pápá tó ń jẹ́ orúkọ Lékan Sàlámì. Níbẹ̀, ìwé rẹ̀ kì í gba orúkọ àwọn ọlọ́jà tán: gúgúrú, ẹ̀pà, omi inú ọ̀rá, àgbọn, fìlà aláwọ̀ ẹgbẹ́. “Up Shooting!” ni igbe wọn, ṣùgbọ́n ahọ́n Ìbàdàn kò mọ “sh” náà, “Sùútìn” ni gbogbo pápá ń wí, àlejò tó bá sì pè é dáadáa ti fi ara rẹ̀ hàn. Líìgì tí ẹgbẹ́ náà gbà kẹ́yìn jẹ́ ti ọdún 1998. Ní ọdún 2017, wọ́n já sí ìpele kejì. Àwọn alátìlẹ́yìn bú wọn, wọ́n ya ìwé tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì tún wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ìyẹn ni Liberty kò ní. Kò sẹ́ni tó bú Liberty, nítorí kò sẹ́ni tó ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀ mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Adamásíngbà kò ní àrùn tirẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó wọ aṣọ Arsenal jókòó ti Tíṣà ní ọjọ́ kan, ó ń fi fóònù wo bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí èyí tó sanwó fún ń lọ níwájú rẹ̀. Ilé ìwòran tó wà ládùúgbò kún ju apá ìlà-oòrùn pápá lọ. Tíṣà kò bá a wí. Ó kàn fi ìgùnpá gbún un nígbà tí Shooting Stars gba kọ́nà: “Gbé ojú sókè, ọmọ mi. Èyí kò ní tún un ṣe fún ọ.” Bọ́ọ̀lù náà lọ sẹ́yìn àwọ̀n. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó padà sínú fóònù rẹ̀.

Ìkẹ́nnẹ́ ni ó gun orí ìrònú rẹ̀ lọ́dún tó lọ lọ́hùn-ún. Ìlú Awólọ́wọ̀ ni. Pápá ńlá tó ń jẹ́ orúkọ bàbá náà wà ní Ìbàdàn, kò sì ní ẹgbẹ́ tó ń gbé inú rẹ̀. Pápá kékeré kan wà ní ìlú tí wọ́n ti bí i, ibẹ̀ sì ni Remo Stars ti ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí wọ́n gba líìgì Nàìjíríà ti sáà 2024/25, fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn. Oníṣòwò kan ni ó ni ẹgbẹ́ náà. Tíṣà wo koríko, ó dọ́gba. Ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé omi wà, ó fi ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ka èrò, èrò kò pọ̀. Ìlú kò tóbi, igbe ibẹ̀ kò sì le tó láti fi etí nìkan mọ góòlù lẹ́yìn ògiri. Bí ó bá rẹ olówó náà lọ́la ńkọ́? Adamásíngbà ní àwọn tí kì í rẹ̀, àwọn tó ń bú ẹgbẹ́ tí wọ́n sì ń padà wá. Ìkẹ́nnẹ́ ní olùtọ́jú. Kò tíì rí pápá kan tó ní méjèèjì.

Obìnrin ẹlẹ́pà kan wà ní ẹnu ọ̀nà. Tíṣà kí i, ó bi í pé ó ti tó ìgbà wo tó ti ń tajà níbẹ̀.

“Láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbá a déédéé ni, Bàbá. Ọjọ́ tí wọn ò bá gbá, ọjà ni mo máa ń gbà lọ.”

Ó ra ẹ̀pà ọ̀rá méjì, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì bi í léèrè ibi tí ọkọ̀ Ṣàgámù ti ń gbéra.