Nítorí iṣẹ́ ẹṣin, bàbá yan ọmọ rẹ̀ lódì ní Malu Road

Oṣù mẹ́ta gbáko ni bàbá kan tó ń gbé ní Malu Road, l'Ájégúnlẹ̀, ò fi bá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ò jalè, kò sì fún ọmọ ọlọ́mọ lóyún. Ẹṣin ló ń fà kiri létí òkun, àwọn tó bá wá gbafẹ́ á gùn ún, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sanwó. Àbí ẹ ò rí nǹkan, títì tí wọ́n forúkọ màlúù pè, ẹṣin ló wá dá wàhálà sílẹ̀ níbẹ̀!

Bàbá tó ti ru ẹrù títí ní wọ́ọ̀fù Àpápá ní òun ò rán ọmọ níléèwé kó wá máa kó ìgbẹ́ ẹṣin, pé iṣẹ́ Gàm̀bàrí ni. "Tó bá tiẹ̀ jẹ́ ẹṣin gidi ni, bíi ti Sípéènì!"

Ẹṣin Sípéènì kẹ̀? Lọ́dún 711 ni Tariq kó ọmọ ogun láti Mòrókò sọdá sí Sípéènì, ẹṣin Barb ilẹ̀ Áfíríkà sì ń tẹ̀lé wọn wọbẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ti ní ẹṣin tiwọn tẹ́lẹ̀ o, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé ẹ̀jẹ̀ Barb wà lára èyí tí wọ́n ń pè ní Andalusian: ọrùn rẹ̀ ki, irun ọrùn rẹ̀ ṣù, ó láyà bí nǹkan míì, síbẹ̀ kì í ṣorí kunkun. Ẹṣin Sípéènì náà ni Columbus kó sọ́kọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1493.

Mọ̀lẹ́bí Barb yìí ló gba aṣálẹ̀ Sàhárà wọ ilẹ̀ Haúsá. Òkè Ọya ni Ọ̀yọ́ ti ń ra ẹṣin, owó ńlá sì ni, torí eṣinṣin tsetse inú igbó kì í jẹ́ kó pẹ́ láyé lápá ìsàlẹ̀, àfi kí wọ́n tún ra òmíràn. Orí ẹṣin ni wọ́n wà tí wọ́n fi ya wọ Dahomey lọ́dún 1726. Oyè gidi ni Olókùn Ẹṣin l'Ọ́yọ̀ọ́. Bàbá tó ń pè é níṣẹ́ Gàm̀bàrí yìí gan-an, ọmọ Ọ̀yọ́ ni!

Lọ́jọ́ Iléyá, àwọn ọmọ-ọmọ fà á lọ sétí òkun. Bí àwọn ọmọ kan ṣe yin báńgà, gbogbo ẹṣin ta gìrì. Ti ọmọ rẹ̀ nìkan ló dúró, ọwọ́ ọmọ náà wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bàbá wò ó títí.

"Kí ló ń jẹ?"

"Ọkà bàbà ni, Bàbá mi, àti koríko. Ẹ fọwọ́ kàn án, kò ní ṣe yín ní nǹkan kan."

Bàbá ká apá agbádá rẹ̀ sókè.