Ṣé Ọ̀nà Wà Padà Sí Àná?

Àwa ọmọ Ifangni tí a fi èdè Faransé kàwé, kíláàsì ni a ti gbọ́ orúkọ Einstein. Ní 1905, ó ṣàlàyé pé aago tí a bá gbé sáré máa ń lọ́ra ju èyí tó dúró lọ. Ní 1971, Hafele àti Keating gbé aago wọ ọkọ̀ òfuurufú yí ayé po, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ọ̀nà ọ̀la wà fún ẹni tó bá lè sáré tó.

Ti àná ńkọ́? Ní 1994, Alcubierre, ọmọ Mẹ́síkò, ṣírò ọkọ̀ tí yóò yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n agbára tó dín sí òdo ni ọkọ̀ náà ń béèrè, kò sì sẹ́ni tó rí irú rẹ̀ kó jọ tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá àgbà kan ládùúgbò wa gbọ́ Ìfọ̀nyìn àtijọ́ dáadáa. A ṣèlérí pé, "Ìyá, a ń bọ̀ wá gba ohùn yín sílẹ̀." Ìdánwò dé, òjò dé. Nígbà tí a gbé ẹ̀rọ dé, ìyá ti wọ káà ilẹ̀. Nínú gírámà, ó rọrùn láti sọ "wọ́n sọ" di "wọ́n ń sọ". A kò lè ṣe é fún ìyá.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá lọ sílé nígbà ìsinmi, ẹ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.