Ẹsẹ Tó Wà Lẹ́nu Ọ̀rẹ́ Mi

Ọ̀rọ̀ tí mo ní lọ́tẹ̀ yìí kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo ilé tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní Ifá.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jọ kọ́ Ifá lọ́dọ̀ olúwo kan náà ní Ọlọ́runṣògo níbí. Oko lọ́sàn-án, ọ̀pẹ̀lẹ̀ lálẹ́. Bí Bàbá bá mú ọ̀kan nínú wa lọ sóde, èkejì á dúró sóko, torí náà ohun tí mo gbọ́ yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tóun gbọ́. Nígbà tó yá, ó bá iṣẹ́ awakọ̀ lọ sí Kútọnu. Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Tiwa lé ní ọgbọ̀n ọdún tí a ò fi gbúròó ara wa. Bàbá ti papò dà kó tó padà.

Òkè Ìtasẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ la ti ríra, lásìkò ọdún Ifá tí wọ́n máa ń ṣe lóṣù kẹfà. Ohùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀ láàárín àwọn tó ń sun ìyẹ̀rẹ̀. Ó wojú mi títí, ó ní, "Àb'ìwọ kọ́ nìyí? Gbogbo orí ti funfun!" A dì mọ́ra, ẹkún àti ẹ̀rín pa pọ̀.

Ó tẹ̀lé mi wálé, àmọ́ ẹ̀rù ń bà á. Kò wá síbi ìsìnkú Bàbá, àwọn kan nínú ilé sì ń kùn sí i. Mo ní kó jókòó síbi tó ń jókòó sí tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀, a dá Ifá, Ìwòrì Méjì ló jáde. Àwọn ọmọ kì, èmi náà kì. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ẹ dákun, ó ku ọ̀kan." Ó ki ẹsẹ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tẹbọ tẹbọ. Ọjọ́ tí mo wà lóko ni Bàbá kọ́ ọ. N kò gbọ́ ọ rí. Ó ní òun máa ń kì í nínú ọkọ̀ lóru, kí oorun má baà gbé òun lọ lójú títì. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹni tó ń kùn jù ló kọ́kọ́ dìde bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ẹ wò ó, odù Ifá jẹ́ 256: ojú odù 16, ọmọ odù 240. Ìyẹn ṣeé kà. Ẹsẹ inú wọn ni kò lóǹkà, ẹnu èèyàn ló sì ń gbé. Lọ́dún 2005 ni UNESCO kéde Ifá pé ó wà lára ogún àfẹnusọ tó ṣe pàtàkì lágbàáyé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí awo kan bá kú sájò, ìkéde ò lè dá ẹsẹ ẹnu rẹ̀ padà.

Torí náà, bí ọmọ awo tó ti pẹ́ lájò bá dé sílé yín, ẹ bu omi fún un, ẹ fún un láyè lórí ẹní. Ẹ jẹ́ kó kì kẹ́ ẹ tó bi í pé níbo ló wà látọjọ́ yìí. Ọ̀rẹ́ mi ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹsẹ yẹn báyìí. Mẹ́ta nínú wọn ti mọ̀ ọ́n.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.